Ìrù Orúkọ Tíṣà Zita

Ní Kupiškis, ìlú kékeré kan nílẹ̀ òyìnbó, obìnrin kò lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ pamọ́, nítorí orúkọ ìdílé rẹ̀ á ti tú u láṣìírí kó tó jókòó. Bí kò bá tíì lọ́kọ, orúkọ náà á ní ìrù kan. Ọjọ́ tó bá rélé ọkọ, wọ́n á gbé orúkọ ọkọ fún un, wọ́n á sì so ìrù mìíràn mọ́ ọn. Ẹni tí ìrù tirẹ̀ bá jẹ́ -ytė, omidan ni. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ -ienė, ìyàwó ilé ni. Ọkùnrin kò ní irú wàhálà yẹn. Láti kékeré títí dàgbà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó lè ka orúkọ wọn kó mọ̀ bóyá ìyàwó wà nílé tàbí kò sí. Ẹ má bi mí ta ló ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe obìnrin.

Zita Kregždytė ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìrù -ytė ṣì wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ gbọn-in gbọn-in. Kò dùn ún rárá, àfi ìgbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ tuntun lé e lọ́wọ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ìlú náà ní iṣẹ́ ìránṣọ àti oúnjẹ sísè. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọkùnrin tó ga bí òpó iná láti fi òwú sínú abẹ́rẹ́ láìsunkún. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ń dín kù. Àwọn òbí ń kó wọn lọ sí Áyálándì àti Nọ́wè, ìdajì àwọn maṣín inú yàrá ìránṣọ kò rẹ́ni lò wọ́n mọ́, àkókò iṣẹ́ Zita náà sì ti já sí ìdajì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2023, ọ̀gá ilé-ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ tí wọ́n kọ Ìmọ̀ Ìgbé-Ayé sí lára. Ìjọba ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ní kò le: oorun, oúnjẹ, ìbínú, ọ̀rẹ́ ṣíṣe, bí èèyàn ṣe ń kọ sìgá tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tó dákú, àti ìfẹ́. Zita ní òun lè kọ́ wọn ní gbogbo rẹ̀ àfi èyí tó kẹ́yìn. Ọ̀gá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ni èyí tó kẹ́yìn máa gbà, kó yáa lọ múra.

Ó sì múra. Ó lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́sẹ̀ méjì ní Panevėžys, ó ra ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta, ó sì fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ohun tó gbọ́, títí kan ìgbà tí wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wọ kíláàsì kọkànlá, ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sójú pátákó, ó sì yíjú padà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Goda, tó máa ń jókòó létí fèrèsé, ti nawọ́ sókè. Goda kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹnu rẹ̀ ni kì í dúró de ọpọlọ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o," ni Goda wí. "Wọ́n ní ẹ máa kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ara ẹni. Mo wá rí ìrù orúkọ yín lójú pátákó yẹn."

Àwọn yòókù fọwọ́ bo ẹnu. Zita mọ̀ pé ó yẹ kí òun bínú, ó wá ìbínú náà kiri inú ara rẹ̀, kò rí i. Ohun tó rí ni ọ̀rọ̀ kan tó ti ń gbé níbẹ̀ ọjọ́ pẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì bọ́ jáde kó tó rí i mú.

"Ìrù yẹn ń sọ pé mi ò lọ́kọ," ló wí. "Kò sọ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ ẹnì kankan."

Kíláàsì dàrú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ ta ni. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láyé, bóyá ó wà ní Kupiškis, bóyá irun ṣì wà lórí rẹ̀. Zita yára kọjú sí pátákó, ó kọ àkọ́lé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà, ìyẹn OORUN, ó sì fi ogójì ìṣẹ́jú kọ́ àwọn èèyàn tí ojú wọn là rekete nípa àǹfààní oorun.

Ọkùnrin náà wà ní Kupiškis, irun sì wà lórí rẹ̀. Alfonsas Stundžia ni, dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì yẹ́lò tó ń kó àwọn ọmọ abúlé wá sí ilé-ìwé. Ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bàbá Alfonsas ni àwọn ọmọ ń pè é. Abúlé Šimonys ni Zita ń gbé, ibẹ̀ sì ni bọ́ọ̀sì náà ti máa ń gbéra láàárọ̀, nítorí náà òun ni ó ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àga tó wà lẹ́yìn dẹ́rẹ́bà gan-an ló ń jókòó sí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń jókòó síbẹ̀, tó ń wo ẹ̀yìn ọrùn ọkùnrin yìí, débi pé bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn ọrùn àádọ́ta ọkùnrin hàn án, yóò mú tirẹ̀ láàárín wọn.

Kí ni wọ́n ti bá ara wọn sọ ní ọdún mọ́kànlá? Yìnyín ojú títì. Ànàmọ́. Ibi tí olú ti hù jù nínú igbó lọ́dún yẹn. Nígbà òjò, Alfonsas á gbé abọ́ olú kan fún un, Zita á gbé ìkòkò olú tó ti rẹ sínú ọtí kíkan fún un padà. Ó rán tìmùtìmù kan fún un nígbà tí ẹ̀yìn ń dùn ún, ó sì rán kọ́tìnnì sí gbogbo fèrèsé bọ́ọ̀sì náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Síbẹ̀ "ẹ" ni wọ́n ń pe ara wọn. Ẹ káàárọ̀, Zita. Ẹ ṣeun, Alfonsas. Wọ́n á máa fún ara wọn ní ọ̀wọ̀ bíi pé àwọn méjèèjì ni gómìnà.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, láàárọ̀ ọjọ́ kan, Alfonsas sọ láìyíjú padà pé ọmọbìnrin òun tó wà ní Nọ́wè ti bímọ, àti pé tí wọ́n bá ti ṣe Ìrántí Àwọn Òkú tán ní oṣù kọkànlá, òun ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Zita wá ọ̀rọ̀ tó dára láti fi dáhùn. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ojú títì ibẹ̀ máa ń yọ̀ o, kí ó rọra. Alfonsas ní ó ṣeun. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwé, Zita sọ̀ kalẹ̀, ó fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò sì rántí rẹ̀ títí di ìgbà tí ebi ń pa á.

Gbogbo ẹni tó ti ìlú yẹn lọ sí Nọ́wè, Zita kò rí ẹni tó padà wá gbé. Wọ́n á kàn wá fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nínú ọkọ̀ ńlá, wọ́n á ní ilé ti kéré jù. Ó ka ọ̀sẹ̀ tó kù, ó jẹ́ mẹ́jọ. Bí kò bá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún Alfonsas láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yìí, kò ní sọ ọ́ mọ́ láyé. Ó mọ èyí dájú, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló dá gbogbo wàhálà sílẹ̀. Àkọ́lé tí ìjọba fún un gùn bí ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn má máa méfò ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn, kó bi í. Zita wo ìwé náà, ó rí i pé yóò mú àwọn ọmọ sùn, ló bá lọ kó téèpù wá láti yàrá ìránṣọ. Ó ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wo ọ̀rẹ́ tó ti ń bá jókòó láti kékeré, kó fi ojú lásán wọn apá rẹ̀ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló pín téèpù fún wọn. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí nọ́ńbà rẹ̀ tọ̀nà. Nojus, ọmọkùnrin gíga kan tí ojú rẹ̀ máa ń pọ́n bí wọ́n bá kàn pe orúkọ rẹ̀, kọ ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà fún apá Goda. Goda bi í bóyá ìnàkí ló ti ń bá jókòó látọjọ́ yìí.

"Ẹ ti jọ ń jókòó láti kékeré," ni Zita wí, téèpù lọ́rùn rẹ̀, "ẹ ò mọ bí apá ara yín ṣe gùn tó. Ẹ wá ní ẹ mọ ohun tó wà lọ́kàn ara yín. Ẹ yéé méfò. Ẹ bi í."

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wọn ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹnì kan tó ti ń méfò nípa rẹ̀, kó lọ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo, lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù, kó sì gba ìdáhùn náà bó bá ṣe rí. Wọ́n ní láti ṣe é tán kí Ọjọ́ Olùkọ́ tó pé, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá. Goda tún nawọ́. Ó ní ṣé Tíṣà náà máa ṣe é. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì pé àfi kí Tíṣà ṣe é, ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó lẹ́yìn tiẹ̀ ní bí Tíṣà kò bá ṣe é òun náà kò ní ṣe é. Zita wo ojú wọn, ojú mọ́kàndínlógún, kò sí èyí tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ nínú rẹ̀. Ó fa rẹ́jísítà sọ́dọ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ orúkọ gbogbo wọn, ó wá lọ sílé, ó sì kábàámọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Àwọn ọmọ ń ṣe tiwọn lọ. Ọmọkùnrin kan bi ìyá-ìyá rẹ̀ bóyá ó fẹ́ràn sálúbàtà tí òun ń rà fún un ní gbogbo ọdún Kérésìmesì. Màmá náà gbé méje jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹsẹ̀ kò kàn rí, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi jóná. Ọmọbìnrin kan bi bàbá rẹ̀ ìdí tí kò fi kọrin nínú ọkọ̀ mọ́. Bàbá ní òun rò pé ojú ń tì í ni. Báyìí bàbá ti ń kọrin láàárọ̀ àti lálẹ́, ọmọ náà sì ti ń kábàámọ̀ ìbéèrè rẹ̀. Ẹnì kan bi olùkọ́ físíìsì pé ṣé ó kórìíra òun ni. Olùkọ́ náà ní kó dákun, kí ni orúkọ rẹ̀.

Zita ńkọ́? Ní ọjọ́ Ajé, kí ọmọ kankan tó wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ síwájú lórí àga, ó ní òun fẹ́ bi Alfonsas ní nǹkan kan. Alfonsas gbójú sókè nínú dígí, ó ní kó bi òun. Ó bi í bóyá táyà ti òtútù ni ó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bi í nípa ajá rẹ̀. Lọ́jọ́rú, ó bi í bóyá ẹ̀rọ tó ń mú ọkọ̀ gbóná ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Alfonsas dáhùn gbogbo rẹ̀ kínníkínní, bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ní Ọjọ́rú yẹn kan náà, Alfonsas la ẹnu, ó ní, "Zita, èmi náà fẹ́..." àgbọ̀nrín kan sì fò sójú títì, ó tẹ búréèkì, olú tó wà nínú agbọ̀n fọ́n káàkiri ilẹ̀ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi ṣà á tán, wọ́n ti dé ibi tí àwọn ọmọ ti ń wọlé.

Ọjọ́ Olùkọ́ wá pé. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn olùkọ́ máa ń tètè dé kí wọ́n lè jọ mu kọfí, nítorí náà ọkọ̀ aládùúgbò Zita ló gbé e wá, kò wọ bọ́ọ̀sì. Òdòdó ti kún gbogbo ilé-ìwé. Ọmọ kíláàsì kìíní ń gbé òdòdó tó ga jù ú lọ. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kà nílé kí wọ́n tó gbé e wá, nítorí ní ìlú yẹn, òdòdó ẹni tó wà láàyè gbọ́dọ̀ ṣẹ́ku ẹyọ kan bí wọ́n bá pín in ní méjì-méjì: mẹ́ta, márùn-ún, méje. Èyí tó bá pé ní méjì-méjì, itẹ́ òkú ni wọ́n ń gbé e lọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta mọ èyí. Ọwọ́ wọn ló ń kà á fúnra rẹ̀ kí ojú tó rí i.

Zita wà ní yàrá ìránṣọ nígbà tí Alfonsas kan ilẹ̀kùn. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọ̀fun débi pé kò lè mí dáadáa, ó sì fi omi ya irun rẹ̀. Òdòdó dáhlíà ọgbà rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, pupa rẹ̀ dúdú, tó fi ìwé ìròyìn wé nídìí.

"Ti Ọjọ́ Olùkọ́ ni," ló wí. "Mo tún fẹ́ sọ pé..."

Ọ̀gá ilé-ìwé pè é látorí àtẹ̀gùn pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ tó gbé kéèkì wá. Alfonsas wo òdòdó, ó wo Zita, ó ní òun ń bọ̀, ó sì sáré lọ. Zita gbá òdòdó náà mọ́ àyà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọrin. Ọwọ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mẹ́wàá. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ìgéṣọ, ó tún un kà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá. Ó wo ilẹ̀, ó wo abẹ́ tábìlì, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́wàá ni.

Ó yé e kedere: Alfonsas ti rí ohun tó wà lójú rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn, ó sì ti fi ìdáhùn ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ìṣe rẹ̀. Ó ń lọ sí Nọ́wè. Kí Zita lọ sin ọ̀rọ̀ náà. Ó bu omi sínú korobá, ó kó òdòdó náà sí i, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú àjákù aṣọ kan, ó sì gbé korobá lọ sí kíláàsì, nítorí kò lè fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ.

Lọ́jọ́ náà, àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń di olùkọ́, olùkọ́ á di ọmọ ilé-ìwé. Goda ti dúró síwájú, ó fi téèpù kọ́rùn, ó wọ awò ojú kan tí kò ní dígí, ó sì ṣe ẹnu rẹ̀ ṣúkú bíi ti Zita gan-an. Ó nawọ́ sí àga kan lẹ́yìn, ó ní kí Kregždytė lọ jókòó, kó má pariwo. Zita lọ jókòó, kò pariwo. Goda ṣí rẹ́jísítà, ó ń pe orúkọ, ó ń béèrè iṣẹ́ àṣetiléwá, ó sì ń fún kálukú ní máàkì láti orí ẹyọ kan dé mẹ́wàá bí wọ́n ti ń ṣe níbẹ̀. Ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Kregždytė Zita. Iṣẹ́ àṣetiléwá."

Zita dìde bí ọmọ ilé-ìwé. Ó ní òun kò ṣe é. Goda bi í pé kí ló dé. Zita nawọ́ sí korobá, ó ní kò sí ìdí fún un mọ́, ẹni tí òun fẹ́ bi ti dáhùn kí òun tó bi í. Ó ní kí wọ́n ka òdòdó náà. Wọ́n kà á. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan níwájú fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú Goda pọ́n bí ọbẹ̀ bíìtì, ó wo Nojus, Nojus sì yára gbé báàgì rẹ̀ sórí itan.

Goda yọ awò ojú náà. Lẹ́yìn náà ló tún un wọ̀, nítorí olùkọ́ ni í ṣe.

"Kregždytė," ló wí, "ṣé o bi í, àbí o méfò?"

Gbogbo kíláàsì ń wo Zita.

"Mo méfò," ló wí.

"Lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ. A máa dúró dè ọ́."

Bí èmi ni Zita ni, mo mọ̀ pé ilé ni ǹ bá sá lọ. Zita gbá korobá mú, ó jáde. Ó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nígbà tó dé àtẹ̀gùn ó ti ń sáré, omi ń dà sí bàtà rẹ̀, nígbà tó sì dé àgbàlá, gbogbo fèrèsé kíláàsì kọkànlá ti kún fún orí. Bọ́ọ̀sì yẹ́lò náà dúró lẹ́bàá ilé ìdáná. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀kùn rẹ̀. Alfonsas ṣí i.

"Alfonsas, kí ló dé tí ẹ fi fún mi ní òdòdó mẹ́wàá?"

"Mọ́kànlá ni."

"Mẹ́wàá ni. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta."

"Zita, èmi ni mo gé e. Mọ́kànlá ni. Ẹyọ kan fún ọdún kan."

"Ọdún wo?"

"Ọdún tí ẹ ti ń jókòó lẹ́yìn mi."

Alfonsas ka òdòdó inú korobá náà. Ó sọ pé kò ṣeé ṣe, pé orí ìdérí ẹ́ńjìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga òun ni òun tẹ́ ẹ sí láàárọ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé ẹyọ kan já bọ́. Ló bá kúnlẹ̀ sáàárín àga, ó ń wá abẹ́ wọn. Láti òkè, àwọn ọmọ kò rí abẹ́ àga. Ohun tí wọ́n rí ni pé Bàbá Alfonsas wà lórí eékún níwájú Tíṣà. Ariwo tó ti ojú fèrèsé sọ, ajá abúlé kejì ló dá a lóhùn.

Zita kò gbọ́ ariwo. Ó ń wo ẹ̀yìn ọrùn yẹn tó ti mọ̀ dáadáa, ó sì rí i pé bí òun bá dúró dìgbà tó máa yíjú padà, òun tún máa bi í nípa táyà.

"Alfonsas," ló wí, "ṣé o nífẹ̀ẹ́ mi?"

Orí Alfonsas gbá ìsàlẹ̀ àga. Kì í ṣe ìbéèrè náà nìkan ló gbá a, "o" yẹn ni.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti nífẹ̀ẹ́ rẹ," ni ohùn rẹ̀ wí láti ìsàlẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà. O wá ń lọ sí Nọ́wè."

Alfonsas yọ orí jáde, eruku wà nínú irun tó fi omi yà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni," ló wí. "Mo fẹ́ lọ gbé ọmọ-ọmọ mi dání. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò ní padà?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Zita fúnra rẹ̀ ló sọ fún ara rẹ̀. Alfonsas ní òun sọ fún un pé òun ń lọ kó lè ní kí òun má pẹ́, òun wá gbọ́ pé ojú títì ń yọ̀, òun sì gbà pé ọ̀rọ̀ òun kò kàn án. Láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń gbé e sọ́kàn. Zita wò ó. Ó rántí téèpù, ó rántí ọgọ́rin sẹ̀ǹtímítà apá Goda, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó rẹ́rìn-ín títí kò rí àyè mí, Alfonsas náà jókòó tì í, ó bọ́ bọ́tìnnì ọ̀fun rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó padà sí kíláàsì, Goda ti bọ́ téèpù lọ́rùn. Nojus ṣí báàgì rẹ̀, ó gbé dáhlíà kan jáde tó ti tẹ̀ díẹ̀ nínú ìgò omi. Goda jẹ́wọ́ láìmí pé òun rí òdòdó náà lórí ẹ́ńjìnnì nígbà tí òun wọ bọ́ọ̀sì láàárọ̀, òun sì mú ẹyọ kan, òun kò mọ ẹni tó ni ín, òun kò sì kà á, ìyẹn ló dùn òun jù. Òun náà ní iṣẹ́ àṣetiléwá láti ṣe, òun kò sì fẹ́ lọ bá Nojus lọ́wọ́ òfìfo. Zita bi í pé kí ni Nojus dáhùn. Goda ní Nojus ní òun ti ń méfò pé Goda kórìíra òun nítorí ọ̀rọ̀ apá. Ojú Nojus pọ́n títí dé etí.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó pẹ́ dé kíláàsì. Ìròyìn ti kárí ìlú pé Stundžia ti kúnlẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, pé òrùka wúrà ni, àwọn kan tiẹ̀ ní wọ́n rí i tó ń kọ mànà. Zita wọlé, ó mú ẹfun, ó kọ orúkọ rẹ̀ sójú pátákó. Ojú mọ́kàndínlógún tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó dé ìdí, ìrù tó jáde ni -ytė. Wọ́n mí kanlẹ̀. Ẹnì kan lẹ́yìn ní òun mọ̀, òun ti sọ ọ́.

Zita gbọn ẹfun dànù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́ nínú ẹ̀kọ́ kẹrin.

Goda nawọ́ sókè, ó rọra dìde. "Tíṣà, ṣé Bàbá Alfonsas ní kí ẹ fẹ́ òun?"

"Rárá," ni Zita wí. Ó jẹ́ kí wọ́n mí kanlẹ̀ tán. "Èmi ni mo ní kó fẹ́ mi. Ó ti gbà. Oṣù karùn-ún ni, gbogbo yín lẹ máa wá. Ìrù yìí ò sì ní kúrò níbi tó wà. A ti jọ wà tipẹ́, kò ṣẹ̀ mí."

Ariwo náà gbé ọ̀gá ilé-ìwé gun òkè wá láti ọ́fíìsì. Goda kò dúró de kí wọ́n dákẹ́. Ó fa rẹ́jísítà sọ́dọ̀, ó wá orúkọ tó kẹ́yìn, níbi tí wọn kò tíì kọ máàkì sí láti Ọjọ́ Olùkọ́, ó kọ nǹkan kan síbẹ̀, ó sì yí i kí Zita lè rí i. Zita wọ awò ojú rẹ̀. Mẹ́wàá ni, ó sì gbà á.